Ikùn Kan Yára, Ikùn Kan Lọ́ra: Ìtàn Asẹ́ Tó Wà Nínú Wa

Ẹ jẹ́ ká fọkàn ya àwòrán aláìsàn méjì. Kíndìnrín àwọn méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn nílé, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá ilé ìwòsàn, bí kò ṣe pẹ̀lú omi oníṣúgà tí wọ́n ń dà láti inú àpò kan sínú ikùn, tí wọ́n sì ń dà jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Omi kan náà ni, lítà méjì. Àkókò kan náà ni. Nígbà tí wọ́n dà á jáde, ti ẹni àkọ́kọ́ ti di lítà méjì àbọ̀: omi tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ti bá a jáde. Ti ẹnì kejì ò tiẹ̀ pé lítà méjì mọ́. Ara rẹ̀ ti fa nínú omi náà mu. Bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ojú rẹ̀ wú, mímí sì di iṣẹ́.

Ta ló jẹ̀bi? Gbogbo wa la mọ bí ẹnu ayé ṣe rí. Wọ́n á ní ẹnì kejì ń mu omi ní kọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kò tẹ̀ lé ohun tí dókítà sọ. Ìyàwó á máa ṣọ́ ife ọkọ, ọmọ á máa ṣọ́ ìkòkò omi ìyá. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni yìí ò fẹnu kan omi kọjá ìwọ̀n. Ó lè jẹ́ pé awọ inú ikùn rẹ̀ ni kò bá ètò tí wọ́n ṣe fún un mu. Ó gba ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí ọ̀nà tó rọrùn láti fi mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún ọ̀hún la fẹ́ sọ.

Asẹ́ tí a bí mọ́ wa

Awọ kan wà nínú ikùn gbogbo ènìyàn. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, ó sì máa ń rin fún omi. Ó tẹ́ ògiri ikùn láti inú, ó sì yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká. Ẹni tó bá ti bá àwọn àgbà tú nǹkan inú ẹran ọdún rí ti rí irú rẹ̀: awọ tín-ínrín bí ọ̀rá tó so ìfun pọ̀. Tí wọ́n bá lè tẹ́ ti ènìyàn sílẹ̀ pátá, fífẹ̀ rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti awọ ara wa lóde.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ wínníwínní ló kún inú awọ yìí. Bí a bá da omi mímọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, irú bíi yúríà àti creatinine tí kíndìnrín tó dáa ìbá ti fi ìtọ̀ gbé jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá sínú omi náà. Ibi tó ti pọ̀ ni yóò ti máa lọ síbi tí kò sí, bí àpò tíì ṣe ń tú àwọ̀ rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ kejì ni fífa omi. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú kì í lè tọ̀ dáadáa, omi á sì máa jókòó sí i lára. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ṣúgà sínú omi tí wọ́n ń dà síkùn. Ẹ wo ẹja tútù tí a bá wọ́n iyọ̀ sí: láìpẹ́, omi á máa sun jáde lára rẹ̀. Bí iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ẹja ni ṣúgà ṣe ń fa omi jáde látinú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣúgà fúnra rẹ̀ náà ò dúró sójú kan. Bí ìdọ̀tí ṣe ń jáde bọ̀ látinú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ń wọlé lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá tán nínú ikùn, fífa omi tán nìyẹn. Tí omi náà bá wá ṣì jókòó síbẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Ẹ rántí ibi yìí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn wa dúró lé.

Àwọn tó kọ́kọ́ yọjú wò ó

Ọmọ Scotland kan, Thomas Graham, ló fún iṣẹ́ yìí lórúkọ. Ní 1861, ó fi hàn pé tí a bá fi ìwé tí wọ́n ṣe bí awọ pààlà sáàárín omi méjì, nǹkan kéékèèké bíi ṣúgà àti iyọ̀ á kọjá, àwọn ohun tó rí bíi gọ́ọ̀mù ò ní kọjá. Ó pè é ní dialysis. Kò tíì ro ti kíndìnrín sí i nígbà náà. Kẹ́místrì lòun ń ṣe.

Ní 1877, ní Jámánì, Georg Wegner gbé ìbéèrè náà wọ inú ikùn ẹranko. Ó da omi oríṣiríṣi sí wọn níkùn. Ó rí i pé bí omi náà bá ki fún ṣúgà tàbí iyọ̀, yóò pọ̀ sí i. Èyí tí kò ki, ara á fà á mu. Ní 1894, Ernest Starling àti Alfred Tubby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún jẹ́ ká mọ̀ pé láàárín omi inú ikùn àti ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ni pàṣípààrọ̀ yìí ti ń wáyé ní pàtàkì.

Ọdún 1923 ni nǹkan wá di ti oníṣègùn. Lọ́dún yẹn, Tracy Putnam ní Amẹ́ríkà kọ ìwádìí tó pe awọ inú ikùn ní awọ alààyè tó ń sẹ́ nǹkan. Lọ́dún kan náà, Georg Ganter ní Jámánì da omi iyọ̀ sínú ikùn ènìyàn tí ìdọ̀tí ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara ẹni náà fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò pẹ́. Ganter ti rí i nígbà yẹn pé ó yẹ kí omi náà pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn kó tó jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkókò ti wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn dókítà mẹ́ta ní Boston, Jacob Fine, Howard Frank àti Arnold Seligman, kọ̀wé ní 1946 nípa bí àwọn ṣe fi fífọ ikùn gba ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì là. Ní 1959, Morton Maxwell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California sọ ọ́ di ohun tí ilé ìwòsàn tó pọ̀ lè ṣe: wọ́n á so ìgò omi lítà méjì kọ́ sókè, omi á ṣàn sínú ikùn, tó bá tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, wọ́n á gbé ìgò náà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omi á ṣàn jáde padà. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Gíga àti ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n lò.

Ìṣòro tó kù ni ọ̀nà àbáwọlé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ ọ́ ni wọ́n ń lu ikùn, kòkòrò àrùn sì ń tibẹ̀ wọlé. Fred Boen, tó ti Netherlands wá sí Seattle ní 1962, ṣe ẹ̀rọ tó ń da omi fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Henry Tenckhoff, ní Seattle kan náà, gbé rọ́bà rírọ̀ kan jáde ní 1968, èyí tí wọ́n fi aṣọ ribiti méjì yí lára kí ẹran ara lè hù mọ́ ọn, kó dì í mú, kó sì dí ọ̀nà mọ́ kòkòrò. Irú rọ́bà yẹn ni wọ́n ṣì ń lò kárí ayé títí dòní.

Bó ṣe wọlé wá sí yàrá

Àwọn tó wá gbé e wọlé fáwọn aláìsàn ni Jack Moncrief, tó jẹ́ dókítà, àti Robert Popovich, tó jẹ́ ẹnjiníà, ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas. Láàárín 1975 sí 1976, aláìsàn kan wà lọ́dọ̀ wọn tí iṣan apá rẹ̀ ò gba ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ mọ́. Kí la fẹ́ ṣe fún un? Popovich jókòó ti ìṣirò. Tó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí inú omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí ló dé tí a ń kánjú da omi jáde? Ẹ jẹ́ kó jókòó. Lítà méjì, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, lítà 10 lápapọ̀, tọ̀sán-tòru, láìdúró. Ẹni náà á máa rìn, á máa ṣiṣẹ́, ikùn rẹ̀ á máa fọ̀ ọ́.

Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní 1976. Wọn ò gbà kí wọ́n wá sọ ọ́. Ó dà bí ẹni pé ó ti rọrùn jù. Àwọn méjèèjì ò dákẹ́. Wọ́n pa pọ̀ mọ́ Karl Nolph ní Yunifásítì Missouri, wọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1978. Wàhálà tó kù ni ìgò: gbogbo títú àti síso ni kòkòrò fi ń rí ọ̀nà wọlé. Ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, Dimitrios Oreopoulos ju ìgò nù, ó mú àpò ọ̀rá. Bí omi bá ti wọlé tán, aláìsàn á ká àpò òfìfo yẹn, á fi sábẹ́ aṣọ, á bá tirẹ̀ lọ. Tó bá tó àkókò, á tú àpò náà, á gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi á ṣàn jáde sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, Umberto Buoncristiani ní Ítálì ṣe rọ́bà tó pín sí méjì bí lẹ́tà Y, èyí tó ń fi omi ṣan ẹnu ọ̀nà kí omi tuntun tó wọlé. Àkóràn inú ikùn dín kù gan-an.

Bí ìwòsàn yìí ṣe di ti ilé nìyẹn. Hong Kong tiẹ̀ sọ ọ́ di òfin ní 1985 pé òun ni aláìsàn á kọ́kọ́ lò kí wọ́n tó ronú kan ẹ̀rọ. Ẹni tó jìnnà sí ilé ìwòsàn wá rí ọ̀nà wà láàyè.

Ìka ò dọ́gba

Ṣùgbọ́n ìṣirò Popovich ní ohun kan nínú: ó gbé e lé ikùn tó wà láàárín méjì. Bí ètò náà ṣe ń tàn kálẹ̀, omi kan náà, iye ìgbà kan náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni ìyàtọ̀ bá ń yọjú. Àwọn kan ń gbẹ dáadáa àmọ́ ìdọ̀tí ò kúrò tó. Àwọn kan, ìdọ̀tí ń kúrò kíákíá àmọ́ ara wọn ń wú. Òògùn kan náà, èsì méjì.

Ọmọ Poland kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Missouri pẹ̀lú Nolph ló wá fi ìdíwọ̀n sí i. Zbylut Twardowski lorúkọ rẹ̀. Ní 1987, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò kan jáde tí gbogbo ilé ìwòsàn lè ṣe, tí wọ́n ń pè ní PET.

Kò le rárá. Aláìsàn á ti fi omi sínú ikùn sùn mọ́jú. Láàárọ̀, wọ́n á da ti àná jáde pátápátá. Wọ́n á wá fi lítà méjì tuntun sí i, èyí tí ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi ṣe ń wọlé ni aláìsàn á máa yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kó lè kan gbogbo ara awọ náà. Wọ́n á bu díẹ̀ nínú omi náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tún bu díẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2 àti wákàtí 4. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní wákàtí kejì. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á da gbogbo omi náà jáde, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ó parí.

Ìṣirò rẹ̀ ò ju ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí creatinine inú ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ 10, tí ti inú omi sì di 9 lẹ́yìn wákàtí 4, a ó fi 10 pín 9: ó di 0.9. Tó bá jẹ́ pé 4 péré ló dé inú omi, ó di 0.4. Twardowski pín ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹni tó bá ju 0.81 lọ, ikùn ayára ni. Láti 0.65 sí 0.81, àárín tó súnmọ́ yíyára. Láti 0.50 sí 0.65, àárín tó súnmọ́ lílọ́ra. Ẹni tí kò tó 0.50, ikùn alọ́ra. Àárín ni ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn bọ́ sí. Wọ́n tún wo iye ṣúgà tó ṣẹ́ kù nínú omi: ikùn tó yára tú ìdọ̀tí jáde náà ló ń yára gbé ṣúgà mì.

Àṣìṣe kan wà tó yẹ ká yẹra fún. A lè rò pé ikùn ayára ni asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀, bí ìgbà tí asẹ́ ògì bá ti ya. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ihò inú awọ ẹnì kan ò tóbi ju ti ẹlòmíràn. Iye iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló pọ̀ ju ara wọn lọ. Ẹ rò ó bíi gbọ̀ngàn ayẹyẹ méjì: ilẹ̀kùn wọn ga bákan náà, wọ́n fẹ̀ bákan náà, àmọ́ ọ̀kan ní mẹ́ta, èkejì ní mẹ́wàá. Èrò á tètè jáde nínú gbọ̀ngàn onílẹ̀kùn mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé mogbọ́mo-ọ̀yà náà á tètè wọlé.

Kí ni èyí yí padà nínú yàrá aláìsàn?

Ohun púpọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ aláìsàn kejì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ká ní ikùn ayára ni tirẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìdọ̀tí ti jáde tán, ṣúgà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀ tán. Wákàtí tó kù, omi ń padà sínú ara ni. Tí a bá ní kó fi omi kan sùn mọ́jú, ìparun là ń kó bá a. Ohun tó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni omi tí kì í pẹ́: wọlé, jáde, wọlé, jáde. Ta ló máa wá jókòó máa ṣe ìyẹn tọ̀sán-tòru? Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ti wúlò. José Díaz-Buxo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi irú ẹ̀rọ yìí ṣètò ìwòsàn alẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Aláìsàn á sùn, ẹ̀rọ á máa pààrọ̀ omi fún un ní bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tílẹ̀ bá mọ́, á yọ rọ́bà, á lọ síbi iṣẹ́.

Ikùn alọ́ra, òdìkejì pátápátá ni. Tirẹ̀ ń fa omi dáadáa torí ṣúgà pẹ́ nínú rẹ̀, àmọ́ creatinine ń fà nílẹ̀ bí ìgbín. Tí a bá gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ omi kíákíá lóru, omi á ti jáde kí ìdọ̀tí tó rí àyè wọlé. Irú ẹni yìí ló yẹ kí omi pẹ́ níkùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ bóyá, kí omi náà sì pọ̀ díẹ̀ tí ikùn rẹ̀ bá gbà á. Àwọn tó wà láàárín lè ṣe èyíkéyìí tó bá bá ìgbésí ayé wọn mu.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ẹni tó lè sùn, ẹni tó lè ṣiṣẹ́, ẹni tí yóò máa dúró pààrọ̀ àpò lọ́sàn-án, nọ́ńbà kékeré yẹn wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí nọ́ńbà fẹ́ di ìdájọ́ ikú

Ní 1998, David Churchill àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde kan jáde nípa àwọn aláìsàn Kánádà àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ pààrọ̀ omi. Ó dẹ́rù bani: bí ikùn bá ṣe yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ikú tàbí kí ìwòsàn náà já sófo ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ fojú inú wo aláìsàn tí wọ́n sọ fún pé ikùn ayára ni tìẹ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ká tiẹ̀ yọ irú wọn kúrò nínú ètò yìí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà: ṣé ikùn ló ń pa wọ́n ni, àbí bí a ṣe ń lò ó? Ètò tí àwọn aláìsàn yẹn ń tẹ̀ lé jẹ́ omi ṣúgà tó ń pẹ́ níkùn, pàápàá lóru. Èyí gan-an ni kò bá ikùn ayára mu. Omi ń kún ara, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ọkàn ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ṣe àdánwò omi mìíràn, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Dípò ṣúgà wẹ́wẹ́, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ṣúgà gígùn tí wọ́n rí látinú sítáàṣì sí i. Icodextrin ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi jù láti sáré gba ihò kéékèèké kọjá, nítorí náà ó ń jókòó níkùn, ó ń fa omi fún wákàtí 12 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di 2006, àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ewu ikùn ayára ń dín kù níbi tí àwọn aláìsàn tó ń lo ẹ̀rọ alẹ́ bá ti pọ̀. Bí ètò bá bá ikùn mu, ẹ̀rù tí nọ́ńbà yẹn ń dá bani á rọlẹ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ tó wù wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Mẹ́síkò fi hàn pé kíkàn ń fi omi púpọ̀ sí i kí ìdọ̀tí lè kúrò jù bẹ́ẹ̀ lọ ò mú ẹ̀mí aláìsàn gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i pé ìtọ̀ díẹ̀ tí kíndìnrín àtijọ́ ṣì ń ṣe níye lórí ju bí a ṣe rò lọ. Nítorí náà, nọ́ńbà ikùn nìkan kọ́ là ń wò. A ń wo omi ara, a ń wo ìtọ̀, a ń wo bí ẹni náà ṣe ń jẹun, tó ń sùn.

Ilẹ̀kùn tí omi nìkan ń gbà

Kí ló wá dé tí ikùn fi yàtọ̀ síra? Bengt Rippe ní Sweden ló fún wa ní àwòrán tó yéni jù. Ó ní oríṣi ihò mẹ́ta ló wà nínú awọ náà: ihò ńlá díẹ̀ tí prótéènì lè gbà, ihò kékeré tó pọ̀ tí ìdọ̀tí àti ṣúgà ń gbà, àti èyí tó kéré jù lọ, tí omi nìkan lè gbà. Wọ́n wá mọ ohun tí ìkẹta jẹ́: prótéènì tí Peter Agre ṣàwárí, tí wọ́n ń pè ní aquaporin, èyí tó jẹ́ kó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003.

Ní 2021, àwọn olùwádìí tí wọ́n ṣáájú wọn ní Belgium tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìyàtọ̀ kékeré kan nínú jíìnì tó ń ṣe prótéènì yìí ń mú kí ikùn àwọn kan má lè fa omi bó ṣe yẹ, ewu wọn sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹlòmíràn ń jìyà rẹ̀, àbímọ́ ni. Kò jí omi mu.

Awọ náà kì í sì í dúró bí a ṣe bí i. Bó bá ti ń pẹ́ nínú ṣúgà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àkóràn sì ń kọlù ú, iṣan tuntun á máa hù níbẹ̀, awọ á máa nípọn, ikùn tó wà láàárín tẹ́lẹ̀ lè di ayára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún àyẹ̀wò náà ṣe, tí wọn kì í sì í fẹ́ lo omi tí ṣúgà rẹ̀ ki ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ó kàn wá gan-an. Ní 2010, wọ́n ṣàwárí pé ìyàtọ̀ méjì nínú jíìnì kan, APOL1, ń mú kí ewu àìsàn kíndìnrín pọ̀ fún ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ó pọ̀ láàárín wa, àwọn Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí jíìnì àgbáyé wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó jọ pé ó gbilẹ̀ torí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun. Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa là ló ń ṣe àwọn ọmọ wọn léṣe.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ńlá ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ní Nàìjíríà mọ̀. Fífọ ikùn nílé ò wọ́pọ̀, torí omi rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, ó sì wọ́n. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá. Ní 2012, àwọn dókítà ọmọdé ní UCH Ìbàdàn kọ nípa ọmọdé tí kíndìnrín wọn ṣubú lójijì, tí wọ́n sì fi fífọ ikùn tọ́jú. A mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó kù ni kí omi náà dé ọwọ́ wa níye tí agbára lè ká, kí àyẹ̀wò rẹ̀ náà sì bá a rìn. Torí ká gbé omi wá láì mọ irú ikùn tó ń wọ̀, a ó kàn tún àṣìṣe tí ayé ti ṣe kí 1987 tó dé ṣe ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláìsàn méjì, omi kan náà, àkókò kan náà. Ẹnì kejì ò jẹ̀bi. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún un, wọ́n rí i pé ayára ni. Wọ́n dín àkókò omi rẹ̀ kù, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ alẹ́, wọ́n sì pààrọ̀ omi ọ̀sán rẹ̀. Láìpẹ́ bàtà rẹ̀ tún bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Kò sí nǹkan kan nínú ara rẹ̀ tó yí padà. Ètò la yí padà, torí a ti mọ irú ikùn tí Ọlọ́run fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń tọ́jú ara, tí ara rẹ̀ ò sì fèsì bíi ti ẹlòmíràn, ẹ má tètè ní kò ṣe é dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló ti yẹ asẹ́ tirẹ̀ wò?